Kí Ni Wọ́n Ní Ọmọ Mi Ṣe?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo lè máa fọ abọ́ lọ́wọ́, kó yọ sí mi. Mo lè wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Ìwó Road n'Ìbàdàn, kó tún dé. Màmá mi ló bi mí, lọ́jọ́ tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ àbúrò mi ń lọ ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún. Wọ́n ti gbàdúrà ìparí tán, àwọn èèyàn ti ń dìde, àwọn ọmọ ti ń to àga lérí ara wọn. Màmá yíjú sí mi, wọ́n ní: "Kí ni wọ́n ní ọmọ mi ṣe?"

Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó síbẹ̀, aago méjìlá sì ti kọjá. Nígbà tí àwọn yòókù pàtẹ́wọ́, àwọn náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ wọn gan-an ni mo wà fún wákàtí mẹ́ta gbáko, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé wọn kò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

## Ọjọ́ tí wọ́n gba ọlidé

Ẹ mọ bí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí ní ilé-ìwé ìjọba, n kò ní fa ìyẹn gùn. Agbègbè Ìbàràpá ni ìlú wa wà. Àwọn ọmọ ti ro pápá láti ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n ta kánópì méjì, àlejò pàtàkì wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ pírámárì kẹfà tó ń jáde lọ jókòó níwájú pẹ̀lú bàtà tuntun. Áfà gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé dìde láti ka ìròyìn ọdún.

Ìròyìn gidi ni. Ìjì kan tó jà ní oṣù karùn-ún ti ká òrùlé yàrá ìkàwé mẹ́ta lọ, abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ pírámárì kejì àti ìkẹta ti ń kàwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí àwọn tó ti jáde níbẹ̀ tó dáwó ra páànù. Tíṣà méjì fẹ̀yìntì, wọn kò tíì rán ẹlòmíràn wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi da pírámárì kẹrin A pọ̀ mọ́ B, tí ọmọ 71 fi wà nínú yàrá kan. Àwọn ọmọ tó yege láti wọ ilé-ìwé girama pọ̀ ju ti èṣí lọ. Mo ń gbọ́, orí mi ń wú. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nínú ìròyìn yẹn, ọ̀gá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí kò fi sí òrùlé, àwọn ni wọ́n ń gbé bẹ́ǹṣì tiwọn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, tí wọ́n sì ń kó wọn sábẹ́ àtíbàbà wọn bí òjò bá ṣú. Àlejò pàtàkì pàtẹ́wọ́, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo bojú wẹ̀yìn kí n rí wọn. Ẹlẹ́wà ń fi ọmọrí ìkòkò lé eṣinṣin. Ìyá alákàrà, tó pọn ọmọ tó ti sùn, ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wa, ó sì ń na ọrùn láti wo ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ilé-ìwé yìí dúpẹ́ o, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi dúpẹ́. Ọpẹ́ náà ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Yorùbá náà ní àyè tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó kan ijó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ jáde nínú aṣọ òkè, ìlù dún, ọmọkùnrin kékeré kan ki oríkì ìlú wa débi pé Màmá mi nu ojú. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí i tí wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga wọn. A fún Yorùbá ní ìlù, a fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀. Èmi kò tilẹ̀ rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ijó náà dùn mọ́ mi, mo fi fóònù ká a sílẹ̀.

## Káàdì

Ọ̀dọ̀ Màmá ni ọmọ yìí ń gbé. Èkó ni ìyá rẹ̀ tó jẹ́ àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́, èmi wà n'Ìbàdàn. Ní ìparí sáà kìíní àti ìkejì, ṣe ni ọmọkùnrin kan ládùúgbò ya fọ́tò káàdì èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo wò ó, mo pe Màmá, mo ní: "Wọ́n ní ó gbìyànjú." Wọ́n ní ẹ ṣé, Ọlọ́run á jẹ́ kó gbìyànjú sí i. Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì rí i bí ohun tó burú.

Lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti Màmá la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, káàdì náà wà lórí itan wọn. Nígbà tí wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yẹn, ojú tì mí, mo ní kí n kà á fún wọn ní ẹsẹ ẹsẹ. Mo ní nínú pírámárì kẹrin tí wọ́n dà pọ̀ yẹn, ọmọ 38 ló wà ní ìhà tirẹ̀, ipò kẹtàdínlọ́gbọ̀n ló wà. Wọ́n ní ó dáa. Mo ka máàkì rẹ̀. Yorùbá dára, ẹ̀kọ́ ìlera dára, ìṣirò kò dára rárá. Lẹ́yìn náà mo dé ibi tí tíṣà kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí. Ẹ ti rí irú ọ̀rọ̀ náà lórí káàdì àìmọye. Mo sọ ọ́ di Yorùbá: "Tíṣà ní ó lè ṣe jù báyìí lọ."

"Nínú kí ni?"

Mo tún káàdì wò. Kò sí i níbẹ̀.

"Ṣé ìwé ni àbí ìwà?"

Mo ní ó jọ pé ìwé ni.

"Ta ló yẹ kó bá a ṣe é? Èmi ni àbí àwọn?"

Ọ̀rọ̀ tó wà lórí káàdì yẹn dún dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi wà nílé-ìwé tí irú rẹ̀ ń bọ̀ wálé lórí káàdì tèmi, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí ohun tó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sórí ahọ́n wa, tí mo sì ń wo ojú ìyá tó fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò sí tíṣà tó lè wo ojú àgbàlagbà kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un ní Yorùbá kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ á ní kó fi kún un.

Mo bá tẹ̀síwájú sí ìlà tó kẹ́yìn, èyí tí èmi kì í kà rí. Mo ní: "Ilé-ìwé ṣí ní ìgbà 112. Ó wá ní ìgbà 96."

Màmá dìde. "Irọ́ ni."

"Màmá, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Irọ́ ni mo wí. Ọmọ yìí kò pa ilé-ìwé jẹ rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ibà dá a dúró. Níbo ni tíṣà rẹ̀ wà?"

## Rẹ́jísítà

Tíṣà náà wà nínú kíláàsì, ó ń fi okùn di ìwé àwọn ọmọ. Ọmọdé ni, kò lè ju ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Bó ṣe rí Màmá ló kúnlẹ̀. Wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n kí i kú wàhálà ọmọ, wọ́n kí i kú òjò àti oòrùn. N kò ní parọ́, àyà mi ń já, mo rò pé ìjà ni. Màmá kàn ní: "Tíṣà, ẹ dákun, ìgbà mẹ́rìndínlógún tí ẹ ní ọmọ mi kò wá, ẹ bá mi wò ó, ọjọ́ wo ni?"

Ó lè ní ìwé ti tì, ó lè ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọlidé. Ó rọra tú okùn, ó mú rẹ́jísítà jáde, ó gbé e sórí tábìlì, ó ṣí i.

Bóyá ẹ ti gbàgbé bí rẹ́jísítà ṣe rí. Ìlà kékeré kan wà fún àárọ̀, òmíràn wà fún ọ̀sán. Bí ọmọ bá wá lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìlà méjèèjì á fara tira bí òrùlé ilé. Bí kò bá wá, òdo ni. Ní ìlà orúkọ àwọn ọmọ yòókù, òrùlé ló tò lọ rẹrẹẹrẹ. Ní ti ọmọ wa, a ó rí òrùlé díẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tí apá òsì rẹ̀ ti wó, òdo kékeré níbẹ̀. Òrùlé díẹ̀ sí i, òdo mìíràn. Ibi kan ṣoṣo ni òdo méjì ti so pọ̀, ọjọ́ ibà nìyẹn. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù, àárọ̀ ni gbogbo wọn.

Tíṣà ní: "Màmá, ó máa ń dé o, àmọ́ a ti máa ń ṣe ìṣirò tán. Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ síta ni pé mi ò mọ ọ̀nà tó ń gbà. Mo kọ́kọ́ ní ọjọ́ Ajé ni. Lọ́sẹ̀ kejì ó tètè dé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá pẹ́. Mo ní bóyá eré ló ń ṣe lójú ọ̀nà. Mo bi í, ó kàn ń wolẹ̀."

Ó wá ń ka àwọn ọjọ́ náà jáde pẹ̀lú ìka lórí ìwé. Ọ̀sẹ̀ kìíní, Ajé àti Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ kejì, Ìṣẹ́gun. Ìkẹta, Ọjọ́rú. Ìkẹrin, Ọjọ́bọ̀. Ìkarùn-ún, Ajé àti Ẹtì. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka wọn kí ó tó dé ìkẹta. Nígbà tó pe Ajé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́: "Ọjà ni. Ọjọ́ ọjà wa ni."

Ẹ kà á wò fúnra yín. Ọrún ni ọjà wa, ọjọ́ karùn-ún karùn-ún la ń ná an, bí a bá ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjà tó bá bọ́ sí Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tún ná an, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà Àbámẹ́ta, tí ilé-ìwé kò mọ̀ nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà Ọjọ́rú, lẹ́yìn náà Àìkú, lẹ́yìn náà Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ilé-ìwé wọ ilẹ̀ wa láti Àgbádárìgì ní 1843 pẹ̀lú agogo rẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ọjà ti wà kó tó dé, kò sì yí ẹsẹ̀ padà nítorí rẹ̀. Tíṣà tó ń fi Ajé àti Ìṣẹ́gun ka ọjọ́ kò lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láéláé. Ìyá tó ń fi ọrún ka ọjọ́ rí i kíá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ṣí ìwé náà sílẹ̀ fún un rí.

Láfún ni Màmá ń tà. Lọ́jọ́ ọjà, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n ń jí, ọmọ náà á bá wọn ru àpò kékeré dé oríta, á dúró tì wọ́n títí ọkọ̀ yóò fi kún, á padà sílé, á wẹ̀, á wọ aṣọ, á lọ sílé-ìwé. Ní ojú Màmá, ojoojúmọ́ ló ń lọ sílé-ìwé, òótọ́ sì ni. Ní ojú rẹ́jísítà, ìgbà 96 ló wá, òótọ́ nìyẹn náà. Ọjọ́ 56 ni sáà náà, mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà, ìṣirò sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ láràárọ̀ nítorí pé ìgbà yẹn ni orí àwọn ọmọ ń tutù. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìṣirò tí wọ́n kọ́ ni ọmọ yìí kò bá wọn níbẹ̀.

Ohun tí Màmá sọ tẹ̀lé e ló tún yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n ní: "Àmọ́ ìṣirò kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Òun ló ń bá mi ṣe ṣéńjì. Ìgbà tí èmi bá ṣì ń ro ó, ó ti dá owó padà fún oníbàárà."

Tíṣà gbé ojú sókè. "Ta? Òun?"

"Ẹ lọ bi àwọn ará ọjà. Tó bá ti di Àbámẹ́ta, òun ló ń jókòó ti àpótí owó."

Ó wo rẹ́jísítà, ó wo Màmá. Ó ní òun ti kọ ọmọ náà mọ́ àwọn tí kò ní orí ìṣirò, pé bí wọ́n bá wọlé, ọ̀tun lòun máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, láti ibi owó. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo ti rò pé ilé-ìwé ló ní ìròyìn tí Màmá mi kò gbọ́. Màmá náà ní ìròyìn tí ilé-ìwé kò gbọ́, tiwọn ló sì tóbi jù.

## Ìròyìn tí a kò lè fèsì sí

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré la lò nínú yàrá yẹn. Ohun tí tíṣà sọ níbẹ̀ ní Yorùbá pọ̀ ju ohun tó wà lórí káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Ó mọ̀ pé àárọ̀ ni, ó mọ̀ pé ìṣirò ló ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ti ṣe wàhálà láti wá ìdí rẹ̀. Ìmọ̀ tó ní pọ̀, àpótí tí wọ́n ní kó kọ ọ́ sí ló kéré, èdè tí wọ́n sì ní kó fi kọ ọ́ kò lọ sí ilé tó yẹ kó lọ. N kò lè dá a lẹ́bi. Ẹni tó ní káàdì 71 láti kọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó bá wà nílẹ̀ náà ni yóò kọ.

Fífi Yorùbá ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, ìbáà ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ jákèjádò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ èyí. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò nílò òfin, kò nílò owó. Kò sí ẹni tó ní kí ọ̀gá àgbà má ka ìròyìn ọdún ní Yorùbá fún àwọn òbí tó ń sọ Yorùbá. Àlejò tó wá láti ọ́fíìsì, ọmọ Yorùbá ni. Yorùbá ni òun àti ọ̀gá àgbà jọ ń sọ níbi ìrẹsì.

Ẹnìkan bi mí pé àwọn tí kì í ṣe Yorùbá ńkọ́, torí Ìbàràpá kún fún àlejò. Ìbéèrè rere ni. Bàbá Fúlàní kan jókòó ní ìlà kejì sí wa lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ̀ ló gba ipò kejì ní pírámárì karùn-ún. Èmi àti òun jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Yorùbá Ìbàràpá rẹ̀ já gaara ju tèmi tí mo ti pẹ́ n'Ìbàdàn lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù, ọwọ́ ara mi ló wà. Láti ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n Màmá lọ, ọkùnrin ni wọ́n. Màmá ló kù nílé tó ń bá ìyá tiwọn ru láfún lọ sọ́jà. Bí a ṣe ń jáde nínú kíláàsì yẹn, wọn kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ẹ̀bá pápá. Wọ́n wá ní: "Ohun tí wọ́n fi mí ṣe náà ni mo fi ọmọ ṣe." Mo ní rárá, Màmá, ẹ kò mọ̀ ni. Wọ́n ní: "Ìwọ ti mọ̀ ńkọ́? Ìwọ lo ń ka káàdì."

N kò rí èsì fọ̀. Fóònù mi ni fọ́tò méjì yẹn wà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo padà lọ wò wọ́n. Ní sáà kìíní, àyè ìgbà tó wá àti ìgbà tí kò wá wà níbẹ̀ kedere, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́. Ní sáà kejì bákan náà. "Wọ́n ní ó gbìyànjú," ni mo sọ fún wọn.

## Lẹ́tà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ní oṣù Kejìlá tí wọ́n bá tún kó òbí jọ, kí wọ́n ka ìròyìn náà ní Yorùbá, kí wọ́n sì pe àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà dìde kí wọ́n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní bí àyè bá ṣí, kí tíṣà kọ̀ọ̀kan fi ìlà méjì Yorùbá sẹ́yìn káàdì, ohun tó rí àti ohun tí òbí lè ṣe. Mo ní èmi á san owó títẹ̀ ìwé náà ní ọdún àkọ́kọ́.

Mo kà á fún Màmá lórí fóònù kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọn kò dá mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà wọ́n ní: "O kò dárúkọ tíṣà."

Mo ní mi ò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ rò pé ẹjọ́ rẹ̀ la ń rò.

"Ẹjọ́ kẹ̀? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo béèrè, ó sì ṣí ìwé fún mi. Ó ti di okùn tán o, ó tún tú u. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá bi wọ́n léèrè báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe ẹrù láfún. Wọ́n ní àwọn ti bá ọlọ́kadà kan sọ ọ́, òun ni yóò máa gbé e dé oríta láràárọ̀ ọjọ́ ọjà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ka ọjọ́ lẹ́nu, Ajé, Ẹtì, Ìṣẹ́gun, títí dé ọjọ́ ìwọlé.

"Ọjọ́ kejì tí wọ́n bá wọlé," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ náà ni ọjà máa kọ́kọ́ bọ́ sí."